Dáàkì Tí Mo Rà àti Ohùn Tó Bá A Wọlé

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni orin náà dé sórí fóònù mi. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní àdúgbò Mayfair nítòsí yunifásítì, mo ń bó ọsàn fún ọkọ mi, nígbà tí àwọn tí a jọ jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ léraléra sínú ẹgbẹ́ wa orí fóònù. Ọ̀kan nínú wa ló ṣàlàyé bó ṣe jẹ́. Olùkọ́ tó kọ́ wa ní físíìsì ti dolóògbé, àwọn ọmọ wọn ń palẹ̀ ẹrù mọ́ nílé, wọ́n sì rí páálí kan tó kún fún téèpù àtijọ́. Ara ọ̀kan ni bàbá náà kọ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ wa sí, wọ́n wá kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀: ẹgbẹ́ akọrin, gbọ̀ngàn. Àwọn ọmọ náà gbé e fún ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ náà ní yunifásítì, òun ló bá wọn kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ariwo kan jáde bí ìgbà tí òjò ń rọ̀ sórí páànù, lábẹ́ ariwo náà ni àwọn ọmọbìnrin kan sì ti ń kọrin lọ́nà jíjìn. Mo mọ orin náà lójú ẹsẹ̀. Olùkọ́ orin wa ló ṣe é fúnra wọn, orin nípa bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ lórí òkè, a sì gbé e lọ síbi ìdíje ní Ìbàdàn nígbà tí mo wà ní Fọ́ọ̀mù Kẹrin. Èmi ni olórí ẹgbẹ́ akọrin lọ́dún náà. Nígbà tí ọkọ mi jáde wá béèrè ọsàn rẹ̀, ó bá mi níbi tí mo ti fi fóònù tẹ́ etí bí ẹni tí etí ń dùn.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sunkún, wọ́n dúpẹ́, wọ́n gbàdúrà fún olóògbé, nígbà tó di ọjọ́ Àìkú wọ́n ti padà sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́rí àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní tèmi, ọkàn mi kò balẹ̀. Mo wá nọ́ḿbà ọkùnrin tó ṣe iṣẹ́ náà, mo sọ fún un pé èyí tí wọ́n fún pọ̀ kó lè gba orí fóònù kọjá kọ́ ni mo fẹ́, odindi rẹ̀ ni. Ó fi ránṣẹ́. Láti òwúrọ̀ títí tí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán ni kọ̀ǹpútà mi fi ń fà á wọlé. Síbẹ̀, nígbà tí mo ṣí i, sípíkà kékeré inú kọ̀ǹpútà náà sọ gbogbo wa di ẹni tó ń kọrin látinú ìkòkò.

Sípíkà gidi wà nílé wa o. Méjì ni, onígi, wọ́n ga tó ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọwọ́ olùkọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé ni ọkọ mi ti rà wọ́n pẹ̀lú ampilifáyà wọn, ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wa. Nígbà náà, bí a bá ti jẹun ìrọ̀lẹ́ tán, a ó gbé rẹ́kọ́ọ̀dù kan lé ẹ̀rọ, a ó sì jókòó láì sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ dé, wọ́n dàgbà, ẹ̀rọ tó ń yí rẹ́kọ́ọ̀dù kú, àwọn sípíkà náà sì di ibi tí a ń gbé òdòdó àti àwòrán ìkẹ́kọ̀ọ́jáde àwọn ọmọ lé. Ó tó ogún ọdún tí a kò gbọ́ ohùn kankan lẹ́nu wọn.

Iṣẹ́ tí mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì ni pé mò ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ yàrá ìwádìí ní yunifásítì. Ó ti mọ́ mi lára pé bí nǹkan kò bá ṣiṣẹ́, mo gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ti ṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Ohun tí mo kà yé mi báyìí: orin tó wà nínú kọ̀ǹpútà kì í ṣe orin rárá, òǹkà ni, òǹkà lọ súà, etí ènìyàn kò sì gbọ́ òǹkà. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà láàárín tí yóò sọ òǹkà náà padà di iná tó ń lọ sókè sódò, kí ampilifáyà lè gbà á, kí sípíkà lè mì. Irú rẹ̀ wà nínú gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n èyí tó wà níbẹ̀ kò ju èékánná lọ, ó sì há sáàárín àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ mìíràn tó ń pariwo mọ́ ọn. Àwọn tó fẹ́ràn orin gan-an máa ń ra tiwọn lọ́tọ̀, nínú àpótí tirẹ̀. Lẹ́tà òyìnbó mẹ́ta ni wọ́n fi ń pè é: D, A àti C. Dáàkì ni ọkọ mi sọ ọ́ dà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, orúkọ tó sì ń jẹ́ nílé wa títí dòní nìyẹn.

Mo ka ohun tí àwọn tó rà á kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀ títí ojú fi ń ta mí. Ẹnì kan á ní ti òun ń tàn bí omi òwúrọ̀, ẹlòmíràn á ní ti òun lọ́yàyà. Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ní yàrá ìwádìí wa, ẹnikẹ́ni kò jẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òṣùwọ̀n kan láàánú. Bí ó ti wù kí ó rí, mo rí i pé àwọn tó dára gan-an wọ́n, wọ́n wọ́n débi pé mi ò lè dárúkọ iye rẹ̀ fún àbúrò mi. Ọkọ mi ni mo sọ fún. Ó ní èmi tí mi ò béèrè ìlẹ̀kẹ̀ rí láti ìgbà tí òun ti fẹ́ mi, bí ó bá jẹ́ dáàkì ni mo fẹ́, kí n lọ ra dáàkì.

Ọkùnrin kan wà ní Ìbàdàn tó ń ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nínú pálọ̀ ilé rẹ̀. Àwa méjèèjì la wakọ̀ lọ síbẹ̀. Mo ti kọ ìbéèrè kún ojú ewé méjì, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ bi mí ní tirẹ̀. Ó ní, "Màmá, kí lẹ fẹ́ gbọ́?" Mo sọ fún un pé ogójì ọmọbìnrin ni, nínú gbọ̀ngàn kan, láyé àtijọ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó gbé àpótí méjì kalẹ̀ láàárín gbogbo èyí tó wà níbẹ̀. Ọ̀kan funfun bí abọ́ fàdákà, iná wẹ́wẹ́ kún iwájú rẹ̀. Èkejì dúdú, ó wúwo bí òkúta, kò ní ju bọ́tìnì kan lọ. Ó ní kí a gbé méjèèjì lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ kan, kí a dá èyí tí a kò bá fẹ́ padà. Ìmọ̀ràn kan ló fún mi tí mi ò kà nínú ìwé kankan: kí n má fi orin dán an wò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ohùn ẹni tí mo mọ̀ dáadáa ni kí n fi dán an wò.

Ohùn ọmọ wa obìnrin tó wà ní Àbújá ni a lò. Ó máa ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ sí wa lórí fóònù, ó sì lè sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ata tó wọ́n. Mo ní kí bàbá rẹ̀ jókòó, kó kọjú sí fèrèsé, kó má wo ọwọ́ mi. Mo kọ́kọ́ fi èyí tó funfun ṣe é. Ohùn ọmọ náà jáde ketekete, gbogbo "s" tó sọ ń gún etí bí abẹ́rẹ́. Ọkọ mi yí orí díẹ̀, ó bi mí bóyá ẹnì kan ti bí ọmọ náà nínú. Mo yọ wáyà, mo fi sí èyí tó dúdú, mo tún ọ̀rọ̀ kan náà gbé sí i. Kò pẹ́ tí ọkọ mi fi gbàgbé pé ìdánwò ni a ń ṣe, tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọmọ rẹ̀ lóhùn lórí ọ̀rọ̀ ata.

A dá èyí tó funfun padà.

Mo rò pé iṣẹ́ ti parí, àṣé ó kù. Bí mo ṣe so dáàkì mọ́ kọ̀ǹpútà, tí mo so ó mọ́ ampilifáyà, ohùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́ gbogbo nǹkan bí oyin inú ihò igi. Mo pààrọ̀ wáyà, ó ń kùn. Mo yọ wáyà kọ̀ǹpútà kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó dákẹ́. Mo tún un kì bọ ibẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ dáàkì kọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ilé wa ni. Mo pe àgbàlagbà oníṣẹ́ iná tó ti ń bá wa ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí a ti kọ́ ilé náà. Bàbá náà kò tilẹ̀ wọ pálọ̀. Wọ́n gba ẹ̀yìn ilé lọ tààrà, wọ́n wo ibi tí wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà kúrò nínú ilé ti wọnú ilẹ̀, wọ́n sì pè mí pé kí n wá wò ó. Àwọn tó wá gbẹ́ gọ́tà fún wa lọ́dún tó kọjá ti fi ọkọ́ gé wáyà náà, wọ́n da iyanrìn bò ó, wọ́n bá tiwọn lọ.

Bàbá náà gbẹ́ ilẹ̀ ọ̀tun. Wọ́n ní kí n wá èédú àti iyọ̀. Wọ́n ri irin gígùn kan mọ́lẹ̀, wọ́n da èédú àti iyọ̀ yí i ká, wọ́n bu omi lé e lórí, wọ́n sọ fún mi pé bí ọyẹ́ bá dé, kí n máa bu omi síbẹ̀ bí ẹni tó ń bomi rin ewébẹ̀. Mo padà wọlé. Mo gbé ohùn sípíkà sókè láì fi orin kankan sí i, mo sì fi etí tì í. Kò kùn mọ́. Ohun tí mo ń gbọ́ ni ẹyẹ tó wà lórí igi máńgòrò àwọn aládùúgbò wa.

Mo lo ọjọ́ méjì sí i lórí kọ̀ǹpútà, nítorí ó ti mọ́ ọn lára láti máa tún òǹkà náà gé kó tó fi ránṣẹ́, bí ẹni tó ń tún aṣọ tí télọ̀ ti rán tán gé. Mo rí ibi tí wọ́n ti ń dá a lẹ́kun, mo dá a lẹ́kun. Mo fa àwọn sípíkà kúrò lára ògiri, mo fi okùn wọn àlàfo tó wà láàárín wọn, mo sì sún àga ọkọ mi kúrò ní ojú tẹlifíṣọ̀n. Ó bínú díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àga yìí.

Ọjọ́ Tọ́sìdeè, bí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, iná ọba wà, àdúgbò dákẹ́, mo pe ọkọ mi wá jókòó. Mo fi téèpù náà sí i.

Ìmí ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ogójì ọmọbìnrin mí sínú lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì rí gbọ̀ngàn náà lójú mi bí ẹni pé mo ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀: páànù tó ti dógùn-ún, fèrèsé onígi tí wọ́n fi òkúta gbá mú kí atẹ́gùn má bàa tì í, olùkọ́ físíìsì wa lórí àga, tí wọ́n ń fi okùn so máìkì méjì mọ́ igi àjà. Orin bẹ̀rẹ̀. Àwọn olóhùn òkè wà lápá òsì, àwọn olóhùn ìsàlẹ̀ wà lápá ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bí a ṣe dúró gan-an. Mo gbọ́ ohùn ara mi ní ibi tí mo ti dá kọrin, mo sì tijú díẹ̀, nítorí mo ti rò ní gbogbo ọjọ́ ayé mi pé ó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn kan tó yàtọ̀. Ó wà níwájú, ó sún mọ́ máìkì ju gbogbo wa lọ. Kò pariwo. Ó nípọn, ó ń rìn díẹ̀ sábẹ́ ohùn tó yẹ kó wà, ó sì ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn wa. Bí ìlà kọ̀ọ̀kan bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, á kọ́kọ́ fi imú kùn díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù sórí. Ojú mi kọ́kọ́ le. Mo ń bi ara mi pé ta ni ń ba orin yìí jẹ́. Àfi bí mo ṣe dá imú kíkùn yẹn mọ̀.

Ọkọ mi, tí kò mọ nǹkan kan, na ìka sí sípíkà. Ó ní, "Ẹni tó wà níwájú yìí, òun ló ń gbádùn orin náà jù nínú gbogbo yín."

Mo dá orin dúró, mo sì sọ ohun tí mi ò sọ fún un rí láti ìgbà tí a ti fẹ́ra wa.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Fọ́ọ̀mù Kẹrin. Ilé wọn kò jìnnà sí Ẹnuwá, níwájú ààfin. Bàbá rẹ̀, tí ìdílé wọn ti Ìwó wá, ń rán aṣọ, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú. Ibùsùn wa kángun síra, a jọ ń jẹ gààrí inú agolo kan ṣoṣo. Ọmọ náà fẹ́ràn orin ju oúnjẹ lọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kì í dúró síbi tí a bá gbé e sí. Nígbà tí ìdíje ku ọ̀sẹ̀ méjì, olùkọ́ orin pè mí, wọ́n ní àfi kí a yọ ọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kó dúró, mo sì gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kó máa la ẹnu bíi tiwa, kó má kàn gbé ohùn jáde. Wọ́n gbà. Wọ́n ní kí èmi gan-an lọ sọ fún un.

Mo bá a nídìí ẹ̀rọ omi lẹ́yìn gbọ̀ngàn, níbi tó ti ń fọ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó mú ìròyìn ayọ̀ wá, pé wọn kò ní yọ ọ́ mọ́. Ó tẹ́tí gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fún ìbọ̀sẹ̀ náà títí omi fi tán lára rẹ̀, ó bi mí léèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé pé kí òun kàn máa la ẹnu lásán? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dára.

A lọ sí Ìbàdàn, a gba ipò kejì. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin. A kò jà. A ṣì ń jẹ gààrí pọ̀, ṣùgbọ́n kì í kọrin mọ́ bó bá ń wẹ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo ilé ìwẹ̀ ló máa ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀. A dàgbà, a bímọ, ó di olùkọ́, ó di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìpetumodù, ó lọ sí Mẹ́kà ó sì padà. A máa ń pàdé níbi ìsìnkú àti ìkómọjáde, a ó dì mọ́ra, a ó béèrè àlàáfíà ọmọ. Ọ̀rọ̀ ìdí ẹ̀rọ omi kò jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú wa.

Nígbà tí mo parí, ọkọ mi dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wá fún mi. Ó ní, "Ìpetumodù kò jìnnà. Lọ mú un wá."

Ní Ìpetumodù, mo bá ọ̀rẹ́ mi láàárín àwọn adìyẹ rẹ̀. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì ló ti ń sìn wọ́n lẹ́yìn ilé, ariwo wọn sì pọ̀ débi pé a gbọ́dọ̀ fi ẹnu sí etí ara wa. Ó gbọ́ orin náà lórí fóònù bíi ti gbogbo wa, ó ní kò yé òun tó bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ ohun tí mo gbọ́ fún un. Mo kàn ní mo ra ẹ̀rọ kan, mo sì fẹ́ kó wá gbọ́ ọ nílé mi. Ó wo ojú mi. Lẹ́yìn náà ó lọ ṣan ẹsẹ̀, ó pààrọ̀ ìborùn, ó bọ́ sínú mọ́tò.

Mo fi í sórí àga tí ọkọ mi ti bínú lé lórí. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ wá nǹkan ṣe ní ìta. Mo fi orin náà sí i, mo sì jókòó sápá kan níbi tí mo ti lè rí ojú rẹ̀. Ìmí wọlé, orin bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ibi imú kíkùn àkọ́kọ́, ó gbé ọwọ́ lé àyà. Kò sunkún. Ó ń tẹ́tí bí ẹni tó ń ka lẹ́tà tí òun fúnra rẹ̀ kọ nígbà èwe. Orin parí, mo dá a dúró.

Mo ní, "Ìwọ ni."

"Èmi ni."

"Mo ní kí o má kọ ọ́."

"O sọ bẹ́ẹ̀." Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo kọ ọ́. Nígbà tí a dé Ìbàdàn, mi ò gbé ohùn jáde rárá, kí ẹ má bàa tìtorí mi fìdí rẹmi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí olùkọ́ físíìsì gbé ẹ̀rọ wá sí gbọ̀ngàn kí a tó lọ, mo rò ó pé bí wọ́n bá fẹ́ fi wá pamọ́, ó yẹ kí èmi náà wà níbẹ̀."

Mo kúnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ ni wá, mo sì bẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún un pé olùkọ́ kọ́ ló ronú kan ìmọ̀ràn náà, èmi ni. Kò mọ ìyẹn. Láti ọjọ́ yìí wá, olùkọ́ orin ló ti ń bínú sí, wọ́n sì ti kú báyìí.

Ó fà mí dìde. Ó ní inú bí òun fún ọdún púpọ̀, òun kò ní purọ́, pé nígbà mìíràn tí òun bá rí mi níbi òkú, bí mo bá ti gbé orin, òun á jáde lọ wá omi mu. Ṣùgbọ́n ó ní nígbà tí òun di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, òun kò jẹ́ kí wọ́n yọ ọmọ kankan nínú ẹgbẹ́ akọrin, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ burú tó, ilé-ẹ̀kọ́ òun kò sì gba ipò kankan rí. Ó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Tún un fi sí i."

Mo tún un fi sí i. Lọ́tẹ̀ yìí ó ń gbọ́ ọ bí olùkọ́. Nígbà tó dé àárín, ó mi orí, ó ní òótọ́ ni a sọ, òun kò bá wa dọ́gba rárá, ohùn òun ń wá ọ̀nà ilé. A rẹ́rìn-ín títí ọkọ mi fi yọjú lójú fèrèsé.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti bi ara mi léèrè bóyá dáàkì ló fi ohùn rẹ̀ hàn mí lóòótọ́. Ọkùnrin tó kó téèpù náà sínú kọ̀ǹpútà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹni tó bá fara balẹ̀ lè gbọ́ ọ, kódà lórí ẹ̀rọ tí kò tó nǹkan. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní jókòó láti òwúrọ̀ láì ṣe nǹkan kan nítorí fóònù. Àpótí dúdú yẹn ló mú mi jókòó.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ mi wá, ní ẹ̀ẹ̀kejì tí mo fi orin náà sí i, nítorí pé mo ń dá ọkọ mi tó ń béèrè omi fún àlejò lóhùn, mi ò tètè dá ẹ̀rọ dúró lẹ́yìn orin. Ìgbà yẹn ni a mọ̀ pé téèpù náà kò tíì tán. Olùkọ́ físíìsì ti gbàgbé láti pa ẹ̀rọ wọn. A gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fa bẹ́ǹṣì. A gbọ́ ohùn olùkọ́ orin tó ní kí a má sáré lórí àtẹ̀gùn. Ẹnì kan ń wá bàtà rẹ̀ kan. Ẹlòmíràn rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì sì dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí a jọ lọ sin ín ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kò sì sí ẹni tó tún ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Agogo oúnjẹ lù lọ́nà jíjìn. Ariwo ẹsẹ̀ gba ibẹ̀ kan, ó ń lọ, ó ń lọ, ó ku gbọ̀ngàn lásán, pẹ̀lú okùn máìkì tó ń dún wìrì wìrì nínú atẹ́gùn.

Ọ̀rẹ́ mi gbé àgbọ̀n lé ọwọ́. Ó ní ẹ̀wà ni wọ́n fún wa lọ́jọ́ yẹn. Mo ní iṣu ni, mo rántí dáadáa. Ó ní ẹ̀wà ni, àti pé èmi ni mo jẹ lára tirẹ̀. A ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí ìrun alásárì tó, tí mo fi yàrá hàn án kó lè kírun, kí n tó gbé e padà lọ sọ́dọ̀ àwọn adìyẹ rẹ̀.